Thunderbird fún kíka ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà: àyẹ̀wò fún ẹni tó ń ṣọ́ dátà rẹ̀

Ímeèlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Thunderbird, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ó ti ń gba fíìdì ìròyìn wọlé, iṣẹ́ yìí sì ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Fíìdì jẹ́ fáìlì kékeré kan tí ìkànnì ìròyìn ń tọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń kọ àkọlé, ọjọ́, líǹkì àti àkópọ̀ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde sí. RSS àti Atom ni oríṣi méjì tó wọ́pọ̀. Ètò tó ń ka fíìdì á máa lọ wo fáìlì yẹn láti ìgbà dé ìgbà, á mú èyí tí kò tíì rí rí, á sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín tó ń pinnu pé èyí ni kí ẹ rí, èyí ni kí ó fara pamọ́. Fún ẹni tó ti sú láti máa rí ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kí ó tó rí ti òní, ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an.

Nígbà tí Google ti Google Reader, ètò kíka fíìdì tirẹ̀, pa ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2013, tí bíráòsà Firefox náà sì yọ irinṣẹ́ fíìdì tirẹ̀ kúrò nínú ẹ̀dà 64 ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn èèyàn rò pé fíìdì ti kú. Kò kú rárá. Gbogbo ìkànnì tí wọ́n fi WordPress kọ́ ló ń ṣe fíìdì tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é, àfi tí ẹni tó ni ìkànnì bá dìídì pa á. Àmì aláwọ̀ ọsàn tó máa ń hàn lókè bíráòsà ló lọ, kì í ṣe fíìdì fúnra rẹ̀.

Ìdájọ́ wa ni pé Thunderbird ni ó yẹ kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kọ́kọ́ dán wò, pàápàá ẹni tó fẹ́ kí ìròyìn wà lórí dísíìkì òun, kí ó lè kà á nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, kò sì béèrè pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Àmọ́ bí ó ṣe wà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí ẹ̀rọ kò bá ẹni tó ń ra dátà mu. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ìròyìn kan á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì máa kó ìdọ̀tí jọ sí dísíìkì. Àwọn ìlà tó yẹ kí ẹ yí padà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń yí wọn padà.

Bíbẹ̀rẹ̀

Orí thunderbird.net ni kí ẹ ti gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Tí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣì ń lo Windows 7 tàbí 8.1 lẹ ní, ẹ̀dà 115 ló kẹ́yìn tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń béèrè Windows 10 ó kéré tán. Thunderbird ti orí Android tó jáde ní ọdún 2024 kò ní ibi kíka fíìdì nínú, nítorí náà kí ẹ má ṣe gbà á sórí fóònù nítorí iṣẹ́ yìí.

Bí ó bá ṣe ṣí, àdírẹ́sì ímeèlì ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Kò pọn dandan kí ẹ fún un. Ẹ tẹ "Cancel", kí ẹ lọ sí bọ́tìnì onílà mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ yan "New Account", lẹ́yìn náà "Feed". Orúkọ tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni "Blogs & News Feeds"; ẹ lè pa á rẹ́ kí ẹ kọ "Ìròyìn". Ẹ tẹ "Next", kí ẹ tẹ "Finish". Orúkọ yẹn á yọ lápá òsì. Kí ẹ tó fi fíìdì kankan sí i, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ náà, kí ẹ yan "New Folder", kí ẹ ṣe fódà bíi mélòó kan: Yorùbá, Nàìjíríà, Eré Ìdárayá, Iṣẹ́. Fífa fíìdì láti ibì kan sí ibòmíràn ṣeé ṣe lẹ́yìn ìgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ogójì fíìdì sí ojú kan kì í sábà padà tò wọ́n.

Láti fi fíìdì kún un, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ fódà tí ẹ fẹ́, kí ẹ yan "Subscribe". Fèrèsé kan tó ń jẹ́ "Feed Subscriptions" á ṣí. Ẹ lẹ àdírẹ́sì fíìdì mọ́ ibi tí wọ́n kọ "Feed URL" sí, kí ẹ tẹ "Add". Ó parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni àdírẹ́sì fíìdì. Àdírẹ́sì ojú-ewé àkọ́kọ́ ìkànnì kọ́ ni Thunderbird ń fẹ́. BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, ní fíìdì tirẹ̀ ní feeds.bbci.co.uk/yoruba/rss.xml. Global Voices lédè Yorùbá wà ní yo.globalvoices.org/feed/. Ìkànnì WordPress yòówù kó jẹ́, ẹ fi /feed/ kún ìparí àdírẹ́sì rẹ̀. Búlọ́ọ̀gì tó wà lórí Blogger, ẹ fi /feeds/posts/default sí i. Ti Substack, /feed. Ìkànnì YouTube kọ̀ọ̀kan náà ní fíìdì: www.youtube.com/feeds/videos.xml?channel_id= ni ẹ máa kọ, kí ẹ wá fi nọ́mbà ìdánimọ̀ ìkànnì náà, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UC, sí ìparí rẹ̀. Fídíò 15 tó jáde kẹ́yìn ló máa gbé wá. Èyí wúlò gan-an fún ẹni tó ń tẹ̀ lé àwọn ìkànnì ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tàbí ti eré tíátà, tí kò fẹ́ kí YouTube fa òun lọ síbi tí kò rò.

Tí kò bá sí èyí tó bá tiyín mu nínú wọn, ẹ ṣí ìkànnì náà nínú bíráòsà, ẹ tẹ Ctrl+U kí kóòdù ojú-ewé náà hàn, kí ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ wá "application/rss+xml". Àdírẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "href" lórí ìlà yẹn ni ẹ ń wá. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ tún wá "application/atom+xml". Tí ẹ kò bá rí ìyẹn náà, ó ṣeé ṣe kí ìkànnì náà má ní fíìdì.

Nígbà tí Thunderbird bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ka ohun tó sọ dáadáa, nítorí ìṣòro tí ìkọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí yàtọ̀. "The Feed URL is not a valid feed" túmọ̀ sí pé ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojú-ewé lásán ló bá. Ẹ ti fún un ní àdírẹ́sì ilé dípò ti fíìdì, tàbí kí ojú-ewé ẹ̀ṣọ́ tó ń béèrè bóyá èèyàn gidi ni yín ti dínà mọ́ ọn. "The Feed URL could not be found" túmọ̀ sí pé kò dé ibẹ̀ rárá: ẹ yẹ lẹ́tà àdírẹ́sì wò, kí ẹ sì yẹ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wò. Èyí tó bá mẹ́nu ba "invalid security certificate" sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ni ìkànnì, tí kò tún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n tí gbogbo fíìdì bá ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ wo ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà yín. Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó bá ti kú máa ń mú kí ọjọ́ padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, ìwé ẹ̀rí gbogbo ìkànnì á wá dà bí èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iye ìṣẹ́jú tó yẹ kí ó fi máa lọ wo fíìdì

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí ló kàn yìí, ohun náà sì ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa Thunderbird kì í sábà sọ.

Fíìdì kì í ṣe àkójọ gbogbo ìròyìn tí ìkànnì kan ti kọ. Ìwọ̀nba èyí tó jáde kẹ́yìn ló ń wà nínú rẹ̀. Lórí WordPress, 10 ni, àyàfi tí ẹni tó ni ìkànnì bá yí i padà. Tí ìkọkànlá bá jáde, èyí tó pẹ́ jù á jábọ́. Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 100 ni Thunderbird máa ń fi sílẹ̀ láàárín ìgbà tó bá lọ wo fíìdì àti ìgbà tó tún máa lọ, tí ẹ kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò: ìwé ìròyìn ńlá kan ní Èkó lè gbé ìròyìn 10 jáde láàárín wákàtí kan. Láàárín ìṣẹ́jú 100, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Thunderbird á dé, á bá 10, á kó wọn, á sì máa lọ. Ìròyìn 6 tàbí 7 ti kọjá láìsí ẹni tó mọ̀. Kò ní sí àmì àṣìṣe kankan, nítorí pé kò sí ohun tó ṣe àṣìṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye ìṣẹ́jú kan náà sí gbogbo fíìdì. Nínú "Feed Subscriptions", ẹ tẹ orúkọ fíìdì kan, ẹ máa rí "Check for new articles every", pẹ̀lú àpótí tí ẹ lè kọ nọ́mbà sí. Ìwé ìròyìn tó ń kọ gbogbo ọjọ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30. Ti BBC Yorùbá, ìṣẹ́jú 120 tó. Búlọ́ọ̀gì tó ń kọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yí "Minutes" sí "Days" kí ẹ kọ 1. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni "Publisher recommends" wà. Ohun tí ìkànnì náà kọ sínú fíìdì rẹ̀ ló ń fi hàn. Ẹ má gbára lé e jù. WordPress máa ń kọ wákàtí kan fún gbogbo èèyàn, ìbáà jẹ́ ìwé ìròyìn tàbí búlọ́ọ̀gì tí wọn kò kọ nǹkan sí láti ọdún tó kọjá.

Ẹ má sì lọ sísàlẹ̀ ìṣẹ́jú 15. Àwọn sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, á kọ̀ fún ẹni tó ń kanlẹ̀kùn léraléra, wọ́n á sì dá kóòdù 403 tàbí 429 padà, fíìdì náà á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ti dátà, lílọ wò léraléra kì í jẹ púpọ̀ bí sáfà bá ṣe dáadáa: Thunderbird máa ń sọ ìgbà tó ti wá kẹ́yìn, tí nǹkan kan kò bá yí padà, sáfà á dáhùn pẹ̀lú 304, kò sì ní fi fáìlì kankan ránṣẹ́. Àwọn sáfà tí kò gbọ́ èdè yìí ló ń fi gbogbo fáìlì ránṣẹ́ nígbà gbogbo. Fíìdì tó bá gbé odindi àpilẹ̀kọ 50 lè wúwo, irú wọn ni kí ẹ fún ní àkókò gígùn.

Ohun mìíràn tún wà tó ń fa pípàdánù ìròyìn: Thunderbird kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ti pa á. Tí ẹ bá ti kọ̀ǹpútà pa láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́jọ àárọ̀, ohunkóhun tó bá wọ inú fíìdì tó sì jábọ́ láàárín wákàtí mẹ́wàá yẹn, kò lè rí i. Ọ̀nà tó dára jù láti yẹra fún èyí ni kí ẹ má ṣe gba fíìdì gbogbo ìwé ìròyìn náà. WordPress ń ṣe fíìdì fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ẹ ṣí ojú-ewé ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ràn, bíi òṣèlú tàbí eré ìdárayá, kí ẹ fi /feed/ kún àdírẹ́sì rẹ̀. Ìròyìn 10 nínú ẹ̀ka kan lè tó ti odindi ọjọ́ kan, kò ní bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá rìnrìn àjò tí ẹ sì fẹ́ wo ohun tó kọjá, /feed/?paged=2 máa ń gbé 10 tó ṣáájú wá, paged=3 á gbé 10 tó tún ṣáájú ìyẹn. Àwọn ìkànnì kan ti dí ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀.

Dátà, àwòrán àti dísíìkì

Ọ̀nà méjì ni Thunderbird lè gbà fi ìròyìn hàn. Ọ̀kan ni kí ó fi ohun tó wà nínú fíìdì nìkan hàn, ìyẹn "Summary". Èkejì ni kí ó ṣí odindi ojú-ewé ìkànnì náà, ìyẹn "Web Page", pẹ̀lú ìpolówó, fídíò àti gbogbo ẹrù rẹ̀. Ìkejì yìí ni olè dátà. Ẹ tẹ Alt kí àkójọ òkè yọ, ẹ lọ sí "View", "Feed Message Body As", kí ẹ rí i dájú pé "Summary" ni ẹ yàn. Nínú "Feed Subscriptions" náà, ẹ fi àmì sí "Show the article summary instead of loading the web page" fún fíìdì kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí ẹ máa rí kà wà lọ́wọ́ ìkànnì tó ń gbé ìròyìn jáde. Nínú WordPress, ẹni tó ni ìkànnì ló ń yàn bóyá kí odindi àpilẹ̀kọ wà nínú fíìdì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Níbi tí odindi rẹ̀ bá wà, ẹ ti ní i lórí dísíìkì, ẹ lè kà á nínú ọkọ̀ láàárín Ìbàdàn sí Èkó láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan. Ti BBC Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀: àkọlé àti gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ líǹkì kí ẹ tó ka ìyókù. Ó dùn wá, nítorí ó wà lára àwọn fíìdì tó ń fi èdè wa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó sì nílò rẹ̀ jù lè jẹ́ ẹni tí dátà rẹ̀ kéré jù.

Àwòrán kò sí lórí dísíìkì. Líǹkì rẹ̀ ni fíìdì ń gbé, Thunderbird á sì lọ mú un wá nígbà tí ẹ bá ṣí ìròyìn náà. Ìdí nìyẹn tí àpótí òfìfo fi máa ń wà níbi tí àwòrán yẹ kó wà nígbà tí ẹ kò bá sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohùn pọ́díkáàsì náà rí bẹ́ẹ̀: ó máa ń hàn nísàlẹ̀ bí ohun tí a so mọ́ ímeèlì, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé, àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí dára, torí pé fáìlì ohùn kan lè jẹ dátà ju ìròyìn ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí Thunderbird ṣe wà, kì í pa nǹkan kan rẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú fíìdì ogún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìròyìn ló máa wà níbẹ̀, ṣíṣí fódà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ fódà fíìdì náà, "Properties", lẹ́yìn náà "Retention Policy". Ẹ yọ àmì kúrò ní "Use my account settings", kí ẹ yan èyí tó ń pa ohun tó ti ju iye ọjọ́ kan lọ rẹ́. Ọjọ́ 30 tó fún ìwé ìròyìn. Fún búlọ́ọ̀gì tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni àǹfààní níní ìpamọ́ tiyín: tí ẹni tó ni ín bá pa ìkànnì rẹ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi àmì sí "Always keep starred messages", kí ìròyìn tí ẹ bá fún ní ìràwọ̀ má bàa bá ìyókù lọ.

Pípa ìròyìn rẹ́ kò sọ pé ààyè á ṣí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni Thunderbird sábà ń kó gbogbo ìròyìn inú fódà kan sí, èyí tí ẹ bá pa rẹ́ sì ṣì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì pé kí wọ́n má fi hàn mọ́. Ìgbà tí ẹ bá fi ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà tí ẹ yan "Compact" ni yóò kúrò ní tòótọ́. Ẹ rí i pé ààyè tó pọ̀ tó fódà náà wà lórí dísíìkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí fáìlì tuntun ló ń kọ kí ó tó yọ ti àtijọ́, ẹ má sì jẹ́ kí iná lọ láàárín rẹ̀.

Asẹ́, àti àmì ohùn

Thunderbird lè sẹ́ ìròyìn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń sẹ́ ímeèlì. Ẹ lọ sí "Tools", "Message Filters", kí ẹ yan àkọọ́lẹ̀ ìròyìn yín lókè, kí ẹ tẹ "New". Ẹ lè ní kí ìròyìn tí "Subject" rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan gba ìràwọ̀, kí ó bọ́ sí fódà mìíràn, tàbí kí ó di èyí tí a ti kà. Ẹni tí kò fẹ́ rí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù mọ́ lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́ báyìí.

Níbi tí èdè Yorùbá bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó le díẹ̀. Ẹ wo Ọ̀yọ́. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ, U+1ECD, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ́ tàbí ọ̀. Àmì ohùn ní láti dúró bí lẹ́tà kejì lẹ́yìn rẹ̀. Pátákó ìtẹ̀wé kan lè kọ ọ́ bí ọ tí U+0301 tẹ̀ lé. Òmíràn á kọ ọ́ bí ó, U+00F3, tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta á tú gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ètò tó ń fi kóòdù wé kóòdù lè kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sì tún rántí pé ọ̀pọ̀ olóòtú máa ń fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú àkọlé, tí àwọn mìíràn ń fi sórí ọ̀rọ̀ kan, tí wọn kì í fi sórí èkejì.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra yín. Ẹ ṣí àkọlé kan nínú fíìdì tí ẹ fẹ́ sẹ́, kí ẹ kó ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú asẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà mìíràn kún un fún èyí tí kò ní àmì kankan, "Oyo", àti ìkẹta fún bí ìkànnì mìíràn ṣe ń kọ ọ́. Ẹ yan "Match any of the following", kì í ṣe "all", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mú ohunkóhun. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ tẹ "Run Now" lórí fódà kan kí ẹ wo ohun tó mú.

Tí àmì ohùn bá ń fò sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí tí àpótí kékeré bá ń hàn dípò wọn, fọ́ọ̀ntì ló fà á. Nínú "Settings", "General", ẹ wá ibi fọ́ọ̀ntì, ẹ tẹ "Advanced", ẹ yan "Latin" lókè, kí ẹ fi Noto Sans tàbí Noto Serif sí i. Gentium náà dára fún ìwé kíkà. Kí ẹ sì yọ àmì kúrò ní "Allow messages to use other fonts", torí pé fọ́ọ̀ntì tí ìkànnì bá yàn lè má mọ àmì wa.

Kíkà á lójoojúmọ́

Ẹ kò nílò máòsì. Bọ́tìnì N á gbé yín lọ sí ìròyìn tó kàn tí ẹ kò tíì kà, B á dá yín padà sí ti ẹ̀yìn. Spacebar á máa yí ojú-ewé wálẹ̀, tó bá parí, á wọ ìkejì. S á fi ìràwọ̀ sí i, M á sọ ọ́ di èyí tí ẹ kò tíì kà padà. Shift+C á sọ gbogbo fódà di kíkà lẹ́ẹ̀kan, èyí sì ni ẹni tó bá dé láti ìrìn àjò máa ń fẹ́. Láti ẹ̀dà 115 tó jáde ní ọdún 2023 ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ tuntun ti wà, tí ìròyìn kọ̀ọ̀kan ń gba ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n "Table View" dára jù fún ìròyìn: àkọlé tó pọ̀ ló máa wọ ojú kan, ẹ sì lè fi ọjọ́ tàbí orúkọ òǹkọ̀wé tò wọ́n.

Ẹ má ṣe tan "Automatically create tags from feed category names". Ìwé ìròyìn kan lè fi ẹ̀ka mẹ́wàá sórí ìròyìn kan ṣoṣo, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkójọ àmì yín á ti gùn dé ibi tí kò wúlò fún ímeèlì mọ́.

Ibi tí ó ti kùnà

Àlébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ohun tí ẹ bá kà lórí kọ̀ǹpútà yìí, kọ̀ǹpútà kejì kò mọ̀. Kò sí ìbárẹ́ láàárín ẹ̀rọ méjì ní ti fíìdì. Ẹni tó ń kà ní ọ́fíìsì, tó tún fẹ́ tẹ̀ síwájú lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, kò ní gbádùn rẹ̀. RSS Guard ni ká wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó wà fún Windows, Linux àti macOS, ó sì lè so mọ́ FreshRSS, Tiny Tiny RSS, Nextcloud News, Inoreader àti Feedly, àwọn iṣẹ́ tó ń rántí ohun tí ẹ ti kà kí ẹ̀rọ mìíràn lè mọ̀ ọ́n. Asẹ́ rẹ̀ lágbára ju ti Thunderbird lọ, ṣùgbọ́n JavaScript ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè ṣe. Ẹni tó ń lo Mac àti iPhone, NetNewsWire ni kó gbà. QuiteRSS, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń dárúkọ, kò ní ẹ̀dà tuntun lẹ́yìn 0.19.4 ti ọdún 2020, a kò sì ní gba ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó lò ó.

Thunderbird tún wúwo. Ẹ́ńjìnnì Firefox ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń gbé ímeèlì, kàlẹ́ńdà àti ìwé àdírẹ́sì, bí ẹ kò tilẹ̀ lò wọ́n. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní RAM 4 GB, tí bíráòsà sì ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ímeèlì rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ ìròyìn nìkan lè fẹ́ nǹkan tó fúyẹ́ ju èyí lọ.

Nígbà mìíràn, ìròyìn àtijọ́ á tú wọlé bí tuntun. Fíìdì máa ń fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà ìdánimọ̀, èyí tí Thunderbird fi ń mọ ohun tó ti rí. Tí ìkànnì bá kó lọ sí sáfà mìíràn tàbí tó yí bí ó ṣe ń kọ nọ́mbà náà padà, ohun gbogbo inú fíìdì á dà bí tuntun. Ẹ tẹ Shift+C kí ẹ máa bá tiyín lọ, kò ní tún ṣẹlẹ̀ títí ìkànnì náà á fi tún yí i padà.

Ní ti ìtọ́jú: nínú "Feed Subscriptions", bọ́tìnì "Export" á kọ gbogbo àdírẹ́sì fíìdì yín sínú fáìlì OPML kan, pẹ̀lú fódà wọn. Ètò fíìdì mìíràn lè kà á, nítorí náà ẹ kò há mọ́ ọwọ́ Thunderbird. Àdírẹ́sì nìkan ló wà nínú rẹ̀ o. Ìròyìn tí ẹ ti kó pamọ́ àti ìràwọ̀ tí ẹ fi sí wọn kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ń kó lọ sí kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ sì fẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí "Help", "Troubleshooting Information", kí ẹ tẹ "Open Folder" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Profile Folder". Ẹ kọ́kọ́ pa Thunderbird pátápátá, kí ẹ tó kó odindi fódà náà sórí fúláàṣì. Inú rẹ̀ ni feeds.json àti feeditems.json wà: àkọ́kọ́ ń rántí àwọn fíìdì yín, èkejì ń rántí ìròyìn tí ó ti rí. Tí ẹ bá kó o nígbà tí Thunderbird ṣì ń kọ nǹkan sí i, fáìlì méjèèjì lè bàjẹ́, fódà ìròyìn á wà ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí yóò ti máa lọ wá tuntun mọ́. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, fáìlì OPML tí ẹ ti tọ́jú ni ẹ máa fi "Import" gbé padà.